Bí mo ṣe fi itọ́ àti ògì yanjú ọ̀rọ̀ maltose àti maltase

Àbúrò mi ń múra WAEC, ló bá gbé ìwé bàọ́lọ́jì ẹ̀ wá, ó ní "ẹ̀gbọ́n, maltose àti maltase, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?" Mo ní rárá o, ṣúgà lọ̀kan, èkejì ni ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà yẹn sí wẹ́wẹ́. Mo rí i lójú ẹ̀ pé kò yé e, ni mo bá ní ká wọ kíṣìnnì.

Mo fi omi híhó po ògì, ó ṣàn dáadáa, mo bù ú sí ife méjì. Iodine tí wọ́n fi ń nu egbò la rà ní kẹ́mísì. Mo tutọ́ sínú ife kan, àbúrò mi ń pariwo pé ìríra, a dúró fún ogún ìṣẹ́jú, a kán iodine sí méjèèjì torí ó máa ń dúdú tó bá pàdé sítáàṣì, irú èyí tó wà nínú ògì, dúdú lọ́tùn-ún dúdú lósì. Ojú tì mí gan-an. Àṣé ògì yẹn ṣì ń yọ èéfín nígbà tí mo tutọ́ sí i, ooru ti pa amylase, ẹ́ńsáìmù inú itọ́ tó ń gé sítáàṣì!

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ki ìka bọ̀ ọ́ kò jó mi. Ife tí ò nítọ́ dúdú bí aró, èyí tó nítọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú iodine lásán ló kù, sítáàṣì ti di maltose.

Ibẹ̀ ni itọ́ parí iṣẹ́ ẹ̀ sí, maltase wà lára ògiri ìfun kékeré, òun ló ń gé maltose kan di glucose méjì. Sucrase ń gé ṣúgà tá à ń fi mu tíì sí glucose àti fructose, lactase ní tiẹ̀ ń gé lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, sí glucose àti galactose. Tí lactase bá ti kéré lára èèyàn bíi ti màmá wa, lactose á lọ odindi sínú ìfun ńlá, kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di gáàsì, inú á máa kùn.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni bí ara ṣe ń gbà wọ́n wọlé: fructose ní ilẹ̀kùn tiẹ̀, kò ná agbára kankan, àmọ́ glucose àti galactose, sodium inú iyọ̀ ló ń fà wọ́n wọlé, ara sì ń ná agbára láti máa ti sodium yẹn síta padà, omi á wá tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po iyọ̀ mọ́ ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Àbúrò mi ní "háà, ORS!"

Màmá ní ká ju ife méjèèjì nù, mo ní a ti fọ̀ ọ́, wọn ò gbà.