Owó Káàdì Tuntun Ju Agbára Mi Lọ, Ni Mo Bá Tú Ti Àtijọ́

Ariwo ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Tí mo bá ti ṣí géèmù bọ́ọ̀lù, kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fáànù inú kọ̀ǹpútà mi yóò fi máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, tí àwòrán yóò sì máa já gé-gé-gé. Mo fi GPU-Z, áàpù kan tó ń sọ bí graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde lójú kọ̀ǹpútà) ṣe ń ṣe sí, wo ooru rẹ̀: dígírì 85. Irú káàdì yìí, tó bá ti dé nǹkan bíi dígírì 83, fúnra rẹ̀ ló máa ń dín eré kù kó má baà jóná. Graphics card ọ̀hún, GTX 1060 ni, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ní 2019. ₦65,000 ni mo san.

Ẹ̀mí mi kọ́kọ́ lọ sí pé kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé kan. RTX 3060 tòkunbọ̀, káàdì tó lágbára ju tèmi lọ, ₦430,000. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ta mọ́tò mọ́ ọn ni?" Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, dọ́là ni kó o lọ bá jà."

Kò parọ́. Nígbà tí káàdì yẹn jáde ní oṣù kejì ọdún 2021, $329 ni Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, pè é. Lóòótọ́ ọwọ́ ò tó o nígbà náà, torí àwọn tó ń fi káàdì wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó o ní páálí-páálí, ọ̀wọ́n chip (ẹ̀yà kékeré tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ) àsìkò Kòrónà sì wà níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni fífi káàdì wa Ethereum dópin, a sì rò pé ara máa tù wá. Àmọ́ Nvidia ti rí oníbàárà tó lówó jù wá lọ, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ AI (òye àtọwọ́dá). Ní tiwa níbí, naira tún bọ́ lulẹ̀. Kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ wá ṣírò $329 yẹn. Bíi ₦151,000 ni tẹ́lẹ̀. Ní ₦1,500, ó di ₦493,500. Káàdì kan náà, dọ́là kan náà, mi ò sì tíì ka èrè oníṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, yóò fi ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà gbààwẹ̀ kó tó ra tòkunbọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ọmọkùnrin kan yọ GTX 1050 Ti látinú ọ̀rá, ₦55,000. Inú mi ti ń dùn kí n tó yí i wo ẹ̀yìn. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù, ibi tí wọ́n ń ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ sí, wà níbẹ̀! Nvidia ti yọ VGA kúrò nínú ìran káàdì tí 1050 Ti wà. Káàdì àtijọ́ kan ni wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà, kí kọ̀ǹpútà lè máa pè é ní ohun tí kò jẹ́. Mo dá a padà fún un, mo ní mò ń bọ̀. Gbogbo ará Èkó ló mọ ìtumọ̀ "mò ń bọ̀".

Kí n má baà lọ sílé lọ́wọ́ òfo, mo ní kí n kúkú tún ti àtijọ́ ṣe. Mo ra thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara chip sí irin ìtutù), thermal pad (pádì rírọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí mẹ́mórì káàdì) àti ọtí isopropyl tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, ₦14,500 lápapọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù bi mí pé pádì wo ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀. Ó fún mi ní èyí tó nípọn.

Nígbà tí mo délé, mo yọ wáyà iná, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, mo sì fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà. Ẹ má kàn fa káàdì yọ o: ẹnu kékeré kan wà ní ìdí ihò tó wọ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Mo tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, mo ya àwòrán káàdì sí i, mo sì ń to síkúrúù kọ̀ọ̀kan sí ibi tí mo ti tú u. Mẹ́rin tó yí chip ká ní sípíríǹgì. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dẹ̀ wọ́n, tòkè lápá òsì, kí n tó bọ́ sí tìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Paste tó gbẹ ti lẹ irin ìtutù mọ́ chip pinpin. Mo ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún jẹ́jẹ́ títí ó fi dún pọ́ọ̀. Ayọ̀ pọ̀ jù, mo gbé e sókè, àṣé wáyà fáànù ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wáyà náà gùn díẹ̀.

Eruku ọyẹ́ ọdún márùn-ún ti di tìmùtìmù láàárín àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ hú u, ó ń jáde ní abala-abala bí aṣọ tó ti gbó. Mo fi ọtí rin aṣọ funfun, mo nu chip títí ó fi ń dán bíi dígí. Mo kán paste tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, mo gé pádì sórí mẹ́mórì, mo dì í padà.

Dígírì 88.

Ìyàwó mi yọjú. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti bà á jẹ́ báyìí?" Mi ò dáhùn.

Mo tún tú u. Paste náà wà bí mo ṣe kán an sí, kò tẹ́ rárá. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Pádì yẹn, milimítà kan àtààbọ̀, ló gbé irin ìtutù sókè tí kò jẹ́ kó fara kan chip. Mo lọ wá pádì àtijọ́ nínú garawa ìdalẹ̀, mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n: bíi milimítà kan. Lọ́jọ́ Ajé, mo padà lọ ra irú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ní òun rò pé èyí tó nípọn ló máa lágbára jù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan gbáko, kò kọjá dígírì 71. Àwòrán ò já mọ́. Àǹfààní mìíràn tún ni pé 120 wáàtì ni 1060 ń jẹ, 3060 ń jẹ 170, ínfátà ilé mi sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa.

Fáànù kan ṣì ń kùn. Mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìdí rẹ̀, ẹ̀kán kan péré. Ó dákẹ́, àfi láàárọ̀ kùtùkùtù kí ara rẹ̀ tó yá.