Ẹ yẹ ọ́ìlì ọ̀kadà yín wò, omi lè ti wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò kí ẹ tó sítáàtì, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Bó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bó bá ga ju ibi tí ẹ rọ ọ́ dé, ẹ fura.

Àmọ́ ẹ má tíì káyà sókè. Bó bá jẹ́ ìfóòfó díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan, tí ọ́ìlì inú sì mọ́, ìrì tó sẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń fà á. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kó gbóná tó láti lé e jáde. Ẹ gùn ún fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tún wò.

Ọ̀kadà tó ní rédíétọ̀, ìyẹn àpótí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Bí omi rédíétọ̀ bá ń dín kù tí kò sì jò sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí síìlì (rọ́bà tó ń dí omi) pọ́ǹpù omi tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdí tẹ́ẹ́rẹ́) orí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ní ti èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù, ìta ni omi ti ń wọlé: rọ́bà ìdérí tó ti gé, tàbí àgbàrá tó gba ọ̀pá ìmí ẹ́ńjìnnì wọlé. Nítorí náà, ẹ má fi omi alágbára fọ ibẹ̀.

Bí omi bá ti wọnú ọ́ìlì, ẹ má sítáàtì ọ̀kadà náà rárá, bíárìn inú ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́. Ẹ tún ibi tó ń gbà wọlé ṣe, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ rọ tuntun, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún dà á nù, títí yóò fi jáde ní mímọ́.