Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìròyìn Nípa Àpéjọ Olólùfẹ́ Ìtàn Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin oníròyìn Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, bí olóòtú yín bá rán yín lọ síbi tí àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ti péjọ, ẹ má kàn ya fọ́tò ẹni tó bojú, tó múra bí ẹ̀dá inú ìtàn, kí ẹ sì kọrí sílé. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo inú gbọ̀ngàn dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn ló wọ bùbá àti ṣòkòtò bíi tiwa, tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ènìyàn lè gbé nínú ayé Máàsì, tàbí bí ẹ̀rọ ṣe lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ mọ bó ṣe ń dùn wá tó nígbà tí àlejò bá wá sọ́dún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, tó ya fọ́tò èrò tán, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni ìdí tí Arugbá fi ń ru igbá tàbí tí a fi ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún.

Kì í ṣe pé kí ẹ fojú fo aṣọ o. Níbi Worldcon àkọ́kọ́, ìyẹn àpéjọ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì, ní New York lọ́dún 1939, olólùfẹ́ kan, Forrest Ackerman, wọ aṣọ ará ọjọ́ iwájú, ariwo sì sọ. Obìnrin kan, Myrtle Douglas, ló rán an, tó tún rán tirẹ̀ wọ̀, àmọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin tó fi àdìrẹ Òṣogbo rán aṣọ arìnrìn-àjò òfurufú, tó fi fóòmù tìmùtìmù gé akoto, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ ní rírán, inú ìtàn wo ló sì ti mú un jáde.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kí ìròyìn pè wọ́n ní "ẹgbẹ́ òkùnkùn". Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó dirun, tó gbé kọ̀ǹpútà sápò, wọ́n lè dá a dúró lójú títì nítorí ìrísí nìkan. Bí ìròyìn bá wá sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó bojú ṣe ìpàdé àràmàǹdà, ìyá tó gbọ́ ọ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ mọ́, onígbọ̀ngàn á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìpàdé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òkùnkùn wo ló wà níbẹ̀? Ẹ má kọ ohun tí ẹ kò ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ sì yé pè é ní àṣà òyìnbó. Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn alàwòrán, ti wà láti 2012. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kéde àmì-ẹ̀yẹ Nommo àkọ́kọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí ní Áfíríkà lọ́dún 2017. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá, gba àmì-ẹ̀yẹ ìtàn sáyẹ́ǹsì Arthur C. Clarke ní 2019. Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2016. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Worldcon, òǹkàwé tó fowó ara wọn forúkọ sílẹ̀, ló dìbò fún un. Ẹ ò rí i pé pípè àwọn olólùfẹ́ yìí ní òǹwòran lásán kò bá a mu rárá.

Ẹ tètè dé. Alẹ́ ni ìdíje aṣọ sábà máa ń wáyé. Ọ̀sán ni wọ́n ń jíròrò.