Làkúrègbé ń jẹ oríkèé, ṣé ó ń jẹ eegun náà ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ kú ilé o. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ màmá mi tó kán làwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè lórí eegun, mo wá kó àwọn tó ń wá jù jọ síbí. Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe dókítà o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé mi rí.

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní rheumatoid arthritis ló ń ṣe màmá mi, dókítà tún ní ká lọ yẹ eegun wọn wò. Kí ló kan eegun nínú ọ̀rọ̀ oríkèé?

Ó kàn án gan-an. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, torí gbogbo ohun tó bá ti ń ro wá lórúnkún àti lọ́wọ́, làkúrègbé la máa ń pè é. Èyí tó ń mú orúnkún àgbàlagbà torí pé ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Rheumatoid arthritis ní tiẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló kọjú ìjà sí awọ inú oríkèé. Ìka àti ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ọwọ́ méjèèjì pọ̀, téèyàn bá sì jí láàárọ̀ á le gbagidi, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀. Obìnrin ló ń mú jù, bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ọkùnrin.

Eegun wa kì í ṣe òkúta, ojoojúmọ́ làwọn kan ń wó o táwọn kan sì ń mọ ọ́n padà, bí ilé alámọ̀ tí wọ́n ń tún rẹ́. Ìjà inú oríkèé yẹn ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń fún àwọn tó ń wó ilé lágbára, àwọn tó ń mọ ọ́n ò wá lè lé wọn bá. Ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e káàkiri, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe eegun ẹ̀gbẹ́ oríkèé tó wú nìkan ló ń fẹ́lẹ́, ó ń dé ìbàdí, ó ń dé eegun ẹ̀yìn. Inú eegun rí bí afárá oyin, àwọn ihò rẹ̀ á wá máa fẹ̀ sí i, òun ni wọ́n ń pè ní osteoporosis. Ẹ wá fi kún un pé ìrora ń mú kéèyàn jókòó sójú kan, eegun tí a ò lò kì í lágbára, bí màmá bá sì ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró, ìyẹn náà ń mú tiẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ara ń ro mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àbí eegun mi ló ti fẹ́lẹ́?

Rárá, eegun tó ń fẹ́lẹ́ kì í ro èèyàn. Ohun tó burú nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Eegun á máa fẹ́lẹ́ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ títí tó fi máa kán. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti ń kúrú, bóyá ẹ̀yìn yín ti ń tẹ̀, tàbí ẹ gbé korobá omi tí ẹ̀yìn kàn dédé gán yín tí kò lọ mọ́. Ìrora oríkèé ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ìdí ẹ̀.

Ìbéèrè: Prednisolone tí mò ń rà ní kẹ́mísì ló ń jẹ́ kí n lè dìde. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ba eegun jẹ́?

Òótọ́ ni mà, ibí yìí ló sì ń dùn mí jù.

Nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ lára màmá mi, wọn ò lè ṣí ìdérí agolo mílíìkì, ẹlòmíì ló ń bá wọn so ìró. Ẹnì kan wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbo, àgbo dúdú nínú ike pẹ̀lú hóró funfun kéékèèké nínú ọ̀rá. Kó tó di ọjọ́ kẹta ìka ti rọ̀, wọ́n ń fọ aṣọ fúnra wọn, gbogbo wa ń dúpẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé ara wọn ń dán, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì náà ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi lò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ̀ ní bálùwẹ̀, wọ́n kàn fọwọ́ ti ilẹ̀ ni, ọrùn ọwọ́ kán bí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Mo mú hóró yẹn lọ fún fámásíìtì, ó ní dexamethasone ni. Steroid ni, oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀ kíákíá, ọmọ ìyá prednisolone yín.

Steroid ń dá àwọn tó ń mọ eegun lọ́wọ́ kọ́, ó tún ń dí kálísíọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àtiwọlé láti inú ìfun. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́ tó yára jù. Kódà prednisolone 2.5 mg lójúmọ́, tó bá ti tó oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí dókítà ti máa ro ti eegun yín.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí dá a dúró lójijì! Ara yín ti lè má máa ṣe steroid tiẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́, tí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà ẹ lè ṣubú lulẹ̀, ó sì ti pa èèyàn rí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, dókítà ló sì ń ṣe é. Dókítà náà máa ń lo steroid fúngbà díẹ̀, nígbà tí wọ́n ń dúró de oògùn gidi tó ń pẹ̀tù sí ìjà inú ara, bíi methotrexate, torí ìyẹn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate o, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ṣeré. Tí ìjà inú ara bá rọlẹ̀, eegun náà á sinmi.

Ìbéèrè: Mo ya ẹ́síréè, wọ́n ní eegun mi dáa. Ṣé ó parí nìyẹn?

Kò tíì parí. Ó máa ń pẹ́ kí ẹ́síréè tó rí i, eegun á ti lọ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kó tó hàn níbẹ̀. DXA lẹ máa bèèrè, àyẹ̀wò tó ń wọn bí eegun ṣe ki tó, ẹ kàn máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wo ìbàdí àti eegun ẹ̀yìn, kò sí abẹ́rẹ́. Tí T-score, ìyẹn nọ́ńbà tí àyẹ̀wò náà máa gbé jáde, bá jẹ́ -2.5 tàbí tó tún lọ sílẹ̀ jùyẹn, osteoporosis ni. Ẹ̀rọ ẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀ wa, ìlú ńlá la ti ń rí i, owó ẹ̀ sì wọ́n. Tí ẹ ò bá rí i, dókítà lè lo FRAX, ìṣirò kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí eegun yín kán, á bèèrè ọjọ́ orí, bóyá eegun ìbàdí bàbá tàbí ìyá yín kán rí, bóyá ẹ ń lo steroid, rheumatoid arthritis pàápàá ní ìbéèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Oúnjẹ wo ni kí n máa fún ìyàwó mi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nílò kálísíọ́ọ̀mù 1,200 mg lójúmọ́. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun, wàrà, mílíìkì, sòyà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ má gbára lé òun nìkan, torí nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń di kálísíọ́ọ̀mù mú. Kí wọ́n jáde sóòrùn, kí wọ́n máa rìn, kí ilẹ̀ bálùwẹ̀ má sì yọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n fún ìyá ọkọ mi ní alendronate, oògùn eegun tó fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń ta wọ́n láyà. Ṣé kí wọ́n jáwọ́?

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Inú òfìfo láàárọ̀, ife omi lásán kan, kì í ṣe tíì, kì í ṣe ògì, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Wọn ò gbọdọ̀ lo kálísíọ́ọ̀mù pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ṣì ń ta wọ́n, kí wọ́n dá a dúró ná kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àárọ̀ Sátidé ni màmá mi ń lo tiwọn, wọ́n á gbé àga síwájú ilé, wọ́n á máa kí àwọn tó ń kọjá lọ títí ògì á fi jinná.