Bí mo ṣe ń dá aláìsàn kòrónà tí ewu wà lórí rẹ̀ mọ̀

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí. Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí wọ́ọ̀dù wa, ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ń pariwo jù kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré bá. Ẹni yẹn ṣì lágbára àtiwúkọ́.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kò sóhun tó wúwo tó o. Ìwọ̀n ewu ikú kan wà fún aláìsàn kòrónà tó wà nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń pè ní 4C, tí àwọn oníṣègùn Bìrìtéènì gbé jáde lọ́dún 2020. Máàkì 21 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 80 ọdún ti gba 7 kí a tó fọwọ́ kàn án, ọkùnrin sì tún ń gba 1 sí i. Àìsàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń kà: àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ, sísanra jù. Ẹ bi ọmọ tó gbé wọn wá o, torí àgbà á ní ara òun le, oògùn á sì kún àpò rẹ̀.

Èémí ló kàn. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ka ìlùkìkì ọkàn, kí ẹ wá máa wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá mọ̀ pé èémí lẹ ń kà, á yí i padà. Bó bá ti pé 30, ẹ pe dókítà. Mo ti jìyà èyí rí. 20, 20, 20 ni mo bá nínú fáìlì ọkùnrin kan, èmi náà kọ 20. Ọ̀gá wa dé, ó kà á: 34.

Ẹ fi ẹ̀rọ há a níka. Bí ọ́síjìn ara rẹ̀ kò bá tó 92 láìgba ọ́síjìn, wàhálà ti dé, kódà bó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo ti rí ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà tí ẹ̀rọ ń sọ 81. Ìka tútù àti ọ̀dà èékánná máa ń ba iye yẹn jẹ́, ẹ̀rọ náà sì lè purọ́ sókè fún aláwọ̀ dúdú. Bó bá sọ 93, tí aláìsàn kò sì lè parí gbólóhùn kan láìmí, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹni tó mọ orúkọ yín nírọ̀lẹ́, tó wá ń béèrè lóru pé ilé ta nìyí, ẹ má sọ pé ogbó ni; àmì ewu ni.

Èsì ẹ̀jẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: urea, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá kọjá 14 mmol/L nìkan jẹ́ máàkì 3; CRP, àmì ara wíwú nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá ti pé 100 mg/L jẹ́ 2. Nínú àwọn tó ní máàkì 15 sókè nígbà tí wọ́n ṣe ìwọ̀n náà, ó ju ìdajì lọ tó kú. Ẹ má kà á sókè lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Dexamethasone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, mílígíráàmù 6 lójúmọ́, wà fún ẹni tó nílò ọ́síjìn. Ẹni tí kò nílò ọ́síjìn kì í rí èrè nínú oògùn náà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ara kọ́kọ́ ṣe é, torí àárín ọjọ́ 7 sí 10 ni nǹkan sábà máa ń yíwọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sókè fáìlì. Bí mo bá dé lálẹ́, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.