Bí Mo Ṣe To Dátábéèsì fún Ṣọ́ọ̀bù Ìháyà Àga Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Alhaja kan tó ń fi àga, kánópì, kúlà àti jẹnẹrétọ̀ háyà ní ìtòsí Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ṣòroó sọ: kí wọ́n tó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù tí ẹni náà ń bèèrè máa wà nílẹ̀ lọ́jọ́ òde rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ àwọn tó ṣì jẹ wọ́n lówó. Inú ìwé ńlá kan ni wọ́n ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kí ọmọ àbúrò wọn kan tó bá wọn kó o sínú Excel, tí ìlà kan sì dúró fún òde kan.

Fáìlì Excel yẹn ni mo kọ́kọ́ jókòó tì. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò àti ọjọ́ òde wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni "Ẹrù 1", "Iye 1", "Ẹrù 2", "Iye 2", títí dé ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ẹrù tirẹ̀ bá tó márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ki ìkarùn-ún mọ́. Oníbàárà kan ṣoṣo ń jẹ́ "Ìyá Bọ́lá" níhìn-ín, ó ń jẹ́ "Mama Bola Sabo" lọ́hùn-ún, nọ́ńbà rẹ̀ tuntun wà nínú àwọn ìlà kan, èyí tó ti pa tì sì wà nínú àwọn yòókù. Àwọn kúlà tí Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì háyà wọn. Bí ẹnì kan bá sì ní òun kò ṣe òde mọ́, tí wọ́n pa ìlà rẹ̀ rẹ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Irú wàhálà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, gbé àlàyé relational database, ìyẹn dátábéèsì tó ń to àkọsílẹ̀ sínú àwọn àtẹ tó so mọ́ra, jáde ní 1970, ó sì fi àwọn òfin normalization tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe máa ń sọ òfin náà fún ara mi nìyí: ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, ohun tí a bá sì kọ sínú ìlà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ìlà náà dúró fún, kì í ṣe nípa nǹkan mìíràn tó kàn yà síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa oníbàárà, kì í ṣe nípa òde. Iye kúlà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa kúlà, yálà ẹnì kan háyà rẹ̀ tàbí kò háyà rẹ̀.

N kò tan kọ̀ǹpútà rárá ní ìpele tó kàn. Bíébá àti bírò ni mo mú lọ bá Alhaja, mo ń ya àpótí, mo ń fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, ní irú ọ̀nà tí Peter Chen, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, là sílẹ̀ ní 1976. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹnì kan lè wá gbé ẹrù lẹ́ẹ̀mejì nítorí òde kan náà?" Wọ́n ní, "Háà, ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Olóòkú á gbé kánópì ní Ọjọ́bọ̀ nítorí àìsùn, á tún rán ọmọ wá gbé àga ní Jímọ́ọ̀." Mo tún bèèrè bóyá ẹni tó gbé ẹrù náà ló máa ń sanwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ olóòkú á dá owó náà láàárín ara wọn ni. Ẹnì kan á san díẹ̀ lónìí, ẹlòmíì á fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì. O ò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀ o, wọ́n á wá bá mi jà."

Ìdáhùn méjì yẹn yí àwòrán mi padà ju ohunkóhun tí mo lè kà lọ. Òde kò lè jẹ́ ìlà kan mọ́. Ìháyà ni ìlà kan wá dúró fún, ìyẹn ìgbà kan tí ẹnì kan gbé ẹrù jáde, tó ní ọjọ́ gbígbé àti ọjọ́ ìdápadà tirẹ̀. Owó sísan náà di àtẹ lọ́tọ̀, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń sọ iye tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ọ̀nà tó gbà wọlé, orúkọ ẹni tó san án àti ìháyà tí a san án fún.

Fún àtẹ oníbàárà, mo ní láti yan ohun tí a ó fi dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní primary key. Orúkọ kò lè ṣe é, nítorí pé Ìyá Bọ́lá pọ̀ nílùú yìí. Nọ́ńbà fóònù náà kò dára tó, nítorí pé ènìyàn ń pààrọ̀ rẹ̀, tọkọtaya sì lè máa lo ẹyọ kan, ká má tíì sọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Under G tó máa ń fi nọ́ńbà ààrẹ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tí ààrẹ mìíràn sì ti gorí oyè kí ọdún tó yí po. Mo jẹ́ kí ètò náà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò sì ní yí padà láé. Àtẹ ìháyà kò wá kọ orúkọ tàbí fóònù mọ́, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń gbé gẹ́gẹ́ bíi foreign key, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ìlà kan nínú àtẹ mìíràn.

Ìháyà kan lè ní ẹrù púpọ̀, ẹrù kan sì lè wà nínú ìháyà púpọ̀. Kò sí bí a ṣe lè kọ irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àtẹ ìháyà tàbí àtẹ ẹrù láìpadà sí "Ẹrù 1", "Ẹrù 2". Àtẹ kẹta ni ó yẹ kí ó wà láàárín wọn, tí ìlà rẹ̀ ń sọ pé ìháyà báyìí kó ẹrù báyìí, iye báyìí, ní owó báyìí.

Owó yẹn ló fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú náà. Ó ní nígbà tí owó àga ti wà nínú àtẹ ẹrù, mo ń kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, èyí tí Codd kò fẹ́. Èmi ò gbà. Owó tó wà nínú àtẹ ẹrù ni iye tí Alhaja ń pè é lónìí. Owó tó wà nínú àtẹ àárín ni iye tí wọ́n àti oníbàárà jọ pa ohùn pọ̀ lé lórí lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ẹni náà ti ná an, tí ó sì ti rántí ẹ̀gbọ́n Alhaja tí òun mọ̀. Bí wọ́n bá fowó lé àga lọ́la, iye àkọ́kọ́ á yí padà, èkejì kò gbọdọ̀ mira, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tó ti sanwó tán lọ́dún tó kọjá á di ajigbèsè lójijì. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, bí iye wọn tilẹ̀ bára mu ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ti gbèsè ni a kò gbọdọ̀ kọ sílẹ̀ níbikíbi. SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè ọ̀rọ̀, ló ń ṣírò rẹ̀ nígbà tí a bá bèèrè: ó kó àpapọ̀ owó ẹrù inú ìháyà jọ, ó sì yọ gbogbo owó tó ti wọlé kúrò nínú rẹ̀.

Bóyá ẹrù máa wà nílẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ìháyà méjì kan ara wọn bí ọjọ́ gbígbé ti èkínní kò bá kọjá ọjọ́ ìdápadà ti èkejì, tí ọjọ́ gbígbé ti èkejì náà kò sì kọjá ọjọ́ ìdápadà ti èkínní. Ṣùgbọ́n kò tó kí a kàn ro gbogbo ìháyà tó kan tuntun pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní àga 500 wà ní ṣọ́ọ̀bù, 300 jáde ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, a dá wọn padà, 300 tún jáde ní Àbámẹ́ta àti Àìkú. Ẹnì kan wá fẹ́ 150 fún Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ìṣirò oníwàdùwàdù á ní 600 ti jáde, á sì lé e lọ. Bí a bá kà á ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, 450 ni àga tó máa wà níta ní Ẹtì, 450 náà ni ní Àbámẹ́ta, àyè wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kí ètò náà máa yẹ ọjọ́ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyókù kò gba àkókò. SQLite, irú ètò dátábéèsì kan, ni mo lò, nítorí pé fáìlì kan ṣoṣo ni, kò nílò sáfà, ìyẹn ètò lọ́tọ̀ tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà fóònù pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà bíi 080 má baà sọnù. Mo kọ ọjọ́ ní ọdún, oṣù, ọjọ́, bíi 2025-03-04, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oṣù Kẹrin ni. Ẹni tó bá máa lo SQLite gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé kì í sábà ṣọ́ foreign key fúnra rẹ̀: àfi kí a pàṣẹ PRAGMA foreign_keys = ON ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, láìṣe bẹ́ẹ̀, á gba ìháyà tí kò ní oníbàárà wọlé láìjanpata.

Nígbà tí mò ń kó àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, èmi kọ́ ni mo pinnu Ìyá Bọ́lá tó jẹ́ ẹnì kan náà. Mo tẹ orúkọ wọn jáde sórí bíébá, Alhaja sì fi bírò pupa so àwọn tó jẹ́ ọ̀kan pọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bi mí níbo ni àga tó kán lóde máa wọ̀ sí. Mo fi àtẹ kan kún un tó so mọ́ àtẹ àárín, nítorí pé ẹrù kan pàtó nínú ìháyà kan pàtó ni ohun tó bàjẹ́ jẹ́, pẹ̀lú iye tó bàjẹ́ àti owó tí oníbàárà gbà láti fi dí i.