Bí a Ṣe Ń Ka Ìlà Ẹ̀jẹ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Na Iṣan Ẹsẹ̀

Tí a bá na iṣan ẹ̀yìn ojúgun dáadáa, tí a wá dẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rọ́ padà wọlé. Ẹ̀rọ NIRS lè fi èyí hàn láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́: ó ń tan ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì sínú ara, ó sì ń wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn àti èyí tí kò ru ú gbé mì. Ìlà méjì ló ń yà jáde: ìlà ọ́síjìn jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn, èkejì jẹ́ ti èyí tí kò ru ú.

Ibi tó kún jù lẹ́yìn ojúgun ni kí ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹ má fún un pinpin, torí okùn tó le lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹ fi aṣọ dúdú bò ó kí oòrùn má baà ráyè wọlé. Àwa aláwọ̀ dúdú ní láti kíyè sí ohun kan: àwọ̀ wa náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà ẹ wò ó bóyá àmì tó ń padà wá lágbára tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tó nípọn lábẹ́ awọ náà lè bo iṣan.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ni ìpìlẹ̀ tí ẹ ó fi wọn ohun gbogbo. Kí ẹlòmíì wá fa àtẹ́lẹsẹ̀ yín sókè títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n pé ó ń fà, kó má dunni, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa mí bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sé èémí, ìfúnpá rẹ̀ á yí padà, ìlà á sì dàrú. Ẹ sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nínà. Tí ẹ bá ti dẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3.

Ó wá ku kíkà. Tí ìlà méjèèjì bá ta gìjà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ ló mì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀; ẹ yọ ibẹ̀ kúrò. Ẹ yọ ìpìlẹ̀ kúrò lára gbogbo iye tó kù. Bí ìlà ọ́síjìn bá ń wálẹ̀ tí èkejì ń gòkè, iṣan ń ná ọ́síjìn ju èyí tó ń wọlé lọ, torí pé nínà ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Bí méjèèjì bá jọ wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń fún jáde ni. Lẹ́yìn títú sílẹ̀, ẹ wo bí ìlà ọ́síjìn ṣe ga ju ìpìlẹ̀ tó, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà síbẹ̀.

Ẹ rántí pé ọ́síjìn tó ń wọlé àti èyí tí iṣan ń ná ni ẹ̀rọ yìí ń fi wéra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré gan-an ní láti lo Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn eré ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá sì ṣàdéédé wú, tó ń dùn ún, kó má nà án. Ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ.